Ẹ̀rí Tí Wọ́n Ní Kí N Wá Jẹ́ fún Wahíba

Wahíba, àbúrò mi obìnrin, ò ní ìwé ìbí. Lábúlé wa létí Náílì níbí, tí wọ́n bá bí ọkùnrin, bàbá á gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sílùú lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n á ní ó dìgbà tí a bá kórè tán. Ìkórè ti Wahíba ò tán fún ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Tí ìbò bá dé, ọkọ̀ á wá kó àwọn obìnrin tó ní káàdì ìdánimọ̀ ìjọba lọ sílé ìwé lọ dìbò. Ọ̀dọ̀ Wahíba ni wọ́n máa ń kó ọmọ sí. Wọ́n á padà dé pẹ̀lú tàdáwà níka, wọ́n á máa pariwo ayọ̀, òun á ti wẹ ọmọ mẹ́jọ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Shawqi ló ń díje. Ìyá Shawqi kú sórí ìkúnlẹ̀, Wahíba ló fún un lọ́mú pẹ̀lú ọmọ tiẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni bá fún ọ lọ́mú, ìyá ẹ ni, kò lábùlà. Wahíba ní dandan, òun máa dìbò fún ọmọ òun. Ó lọ sí ọ́fíìsì káàdì. Wọ́n ní kó mú ẹbí tí wọ́n bí òun ṣojú ẹ̀ wá, kó wá búra. Ta ló kù láyé? Èmi Zahir nìkan.

Ó bá dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé búrẹ́dì gbígbóná sórí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sílùú lọ́la."

"Kí lo fẹ́ fi káàdì ṣe lọ́jọ́ alẹ́ ẹ? Ṣé o fẹ́ lọ fẹ́ ọkọ míì ni?"

"Tí mo bá rí èyí tó léyín lẹ́nu jù yín lọ, kí ló dé? Ìbò ni mo fẹ́ dì fún Shawqi."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó kù díẹ̀ kí n gbà, Ọlọ́run mọ̀. Àmọ́ Rabí, ọmọ mi, fà mí sẹ́yìn: "Bàbá, ilẹ̀ àwọn igi dàbínù yẹn ńkọ́? Ẹni tó bá ní káàdì lè pe èèyàn lẹ́jọ́ o."

Òótọ́ ni. Ogún bàbá wa, mi ò pín in fún un rí. Kùránì ní ìpín ẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ níbí, ilẹ̀ kì í bá obìnrin lọ sílé ọkọ. Mo bá ní kó kọ́kọ́ tẹ̀ka sí ìwé pé òun ò ní bèèrè ilẹ̀, kí n tó lọ búra.

"Ẹ mú ìwé wá," ó ní. "Igi dàbínù ò ní wọ sàréè bá mi."

A lọ bá lọ́yà. Lọ́yà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, obìnrin yìí ò sí nínú ìwé ìjọba. Ẹni tí ò sí, kí ló fẹ́ yọ̀ǹda? Ẹ jẹ́ kó gba káàdì ná."

"Tó bá gbà á tán, tó wá kọ̀ kò tẹ̀ka mọ́ ńkọ́?"

Wahíba yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi Wahíba?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ Wahíba. Níwájú lọ́yà.

Ó ṣì wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo ní ká kó àlìkámà wọlé ná. Nígbà tó wá kẹ́yìn, kò dárúkọ káàdì. Ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ ìbò, mo rí i níwájú ilé ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méje, ọ̀kan ń sunkún lẹ́yìn ẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n," ó ní, bó ṣe máa ń kí mi gan-an.

Shawqi ò wọlé.

Ìgbà òtútù ọdún yẹn ló kú. Wọn ò jẹ́ ká sin ín láìsí ìwé, ìwé ikú ò sì lè jáde fún ẹni tí ìjọba ò mọ̀ pé wọ́n bí. Wọ́n ní kí ẹbí tí wọ́n bí i ṣojú ẹ̀ wá búra. Ẹsẹ̀ ò dùn mí lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́wọ́ lé Kùránì, mo ní ìṣojú mi ni wọ́n bí i, ọjọ́ Jímọ̀ ni, odò kún. Kò gba àkókò tó èèyàn fi ń mu ife tíì kan. Akọ̀wé kọ ìbí ẹ̀, ó fa ìwé míì, ó kọ ikú ẹ̀.

Shawqi wá bá wa kẹ́dùn. Ó jókòó tì mí, ojú ẹ̀ pọ́n.

"Bàbá Zahir, Màmá dìbò fún mi, àbí?"

Mo ní ó dìbò fún un.

"Mo mọ̀," ó ní. Ó wá gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń dúpẹ́.