Ìlà Ara Ilẹ̀kùn

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, Ìyá Husain ní Ẹ̀gùá sì di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni di okùn kànga mú. Ẹ bi í pé ọmọ-ọmọ mélòó ló ní, á ní, "Wọ́n pọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ẹ tún un bi, á bi yín pé ṣé ẹ fẹ́ rà wọ́n ni.

Kì í ṣe agídí lásán. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn tó ń kán oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu láti ojúlé dé ojúlé yà sílé rẹ̀. Wọ́n kán an sí Asiyah lẹ́nu, wọ́n kán an sí Basit àbúrò rẹ̀ lẹ́nu, wọ́n wá fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye ọmọ tí wọ́n bá nílé sára ilẹ̀kùn, bí ìṣe wọn. Nọ́ńbà yẹn kò tíì pa rẹ́ tán tí ara Basit fi gbóná, tí èèyi sú bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n sì fi aṣọ funfun wé e. Nígbà tí àwọn olóògùn pa dà wá, nọ́ńbà mìíràn ni wọ́n kọ. Ìlà kan ṣoṣo ni, ó dá dúró lára pákó bí òpó tí ilé wó tì. Ìyá Husain wò ó títí, ó bu omi, ó fi àkísà nù ún.

Nígbà tí Roheemat, ìyàwó Husain, tún bí ọkùnrin, àfáà sọ ọ́ ní Habeebullah, ìyá àgbà sì sọ ọ́ ní Kòkúmọ́. Àwọn aládùúgbò ní orúkọ àbíkú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹyọ ọmọ kan péré ló kú. Ó ní òun kò ní dúró de èkejì kí òun tó bẹ̀bẹ̀. Ó sì búra pé ẹnu ẹnikẹ́ni kò ní ka ọmọ náà. Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ kí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, nítorí kíkà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀.

Ìgbà tí owó ìjọba dé ni ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-an-yàn-an. Owó ìtọ́jú ọmọ ni, fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tó wà nínú ilé gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní àsìkò wọn, nọ́ọ̀sì yóò sì wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ilé tí a bá ti rí ọmọ kan tí kò gbà á, owó ibẹ̀ á dúró títí yóò fi gbà á. Iṣẹ́ bírikìlà ni Husain ń ṣe ní Kútọnu, ohun tó ń fi ránṣẹ́ sílé sì ń fà bí ìgbín. Ìyá àgbà ní kí Roheemat fi orúkọ Asiyah nìkan sílẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ tirẹ̀ pé. Roheemat ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sinmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì máa wá, Roheemat jókòó ti agbada gààrí, kò dáná.

"Màmá, èèyi ti wọ ilé Ọ̀ṣunníyì."

"Mo gbọ́."

"Ilé Ọ̀ṣunníyì, Màmá. Tí wọ́n bá sín níbẹ̀, àwa là ń kí wọn."

"Mo ní mo gbọ́. Ọlọ́run á ṣọ́ tiwa."

"Àmín. Èèyi ló mú Basit lọ. Kò tíì gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì ló pa á."

Ìyá àgbà ń da àgbàdo fún àwọn adìyẹ rẹ̀. Kò wòkè. "Ìwọ lo mọ ohun tó mú un lọ. Èmi tí mo bí Husain, mi ò mọ nǹkan."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wọn kì í kà, ẹ ń ka adìyẹ yín nírọ̀lẹ́."

"Adìyẹ jọ ọmọ ni? Mò ń kà wọ́n kí n lè mọ èyí tí àṣá gbé."

Roheemat ṣáná sí igi. "Èmi ò ní parọ́ lónìí o, Màmá. Tí nọ́ọ̀sì bá bèèrè, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dá a lóhùn."

Nígbà tí ìró ọ̀kadà ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ìyá àgbà gbé Kòkúmọ́ lọ sí ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, ó tẹ́ ẹní fún un, ó ń kì í wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kó lè sùn:

Àjàgbé mi, ọmọ olóko ẹ̀gẹ́,
ọmọ a-gbàlejò-kí-iṣu-tó-jinná,
ikú wò ọ́, ó ní òun ṣìlẹ̀kùn,
àrùn wò ọ́, ó ní òun ṣìnà.
Jókòó tì mí, Àjàgbé, ilé yìí gbà ọ́.

Ojú ọmọ náà pa dé. Ó fi í sílẹ̀, ó bọ́ síta.

Ọmọ Ayétòrò ni nọ́ọ̀sì, Ìbùkúnolúwa lorúkọ rẹ̀, ó gbé kúlà abẹ́rẹ́ kọ́ èjìká.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Adìyẹ yín sanra. Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

"Èyí tó o bá lè lé bá. Ṣọ́ra fún àkùkọ yẹn, kò fẹ́ràn òṣìṣẹ́ ìjọba."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó yẹ káàdì Asiyah wò, ó ní ó dára. "Ọmọ mélòó ló wà nílé tí kò tíì tó ọdún márùn-ún?"

Roheemat wo ìyá ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n pọ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Bí ìyá tó bí ìyá mi ṣe ń dáhùn gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó rán mi níṣẹ́ kò ní gba 'wọ́n pọ̀' lọ́wọ́ mi, Màmá. Ṣé Asiyah nìkan ni?"

Ìyá Husain nawọ́ sí Asiyah. "Òun lo rí yẹn."

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan."

"Ó parí nìyẹn. Owó yín á wọlé lóṣù yìí, Ìyá Asiyah."

Roheemat kò dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà kan ṣoṣo sára ilẹ̀kùn, ó yí pa dà sídìí ọ̀kadà.

Ìyá Husain gbójú sókè. Ìlà ọjọ́sí ni. Ìlà tí wọ́n fà nígbà tí Basit lọ, ó tún dá dúró níbi tó dúró sí lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Kòkúmọ́ ló ti ń gbé e pa mọ́ fún ikú, ṣùgbọ́n lára pákó yìí, ọmọ tí a gbé pa mọ́ àti ọmọ tí a sin, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹnu òun alára ló sì sọ ohun tí ṣọ́ọ̀kì kọ. Adìyẹ tí a kò kà, bí àṣá bá gbé e, ta ni yóò mọ̀?

"Nọ́ọ̀sì, dúró ná."

Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà tó máa pa dà, Kòkúmọ́ ń nujú oorun léjìká rẹ̀. Roheemat fọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá, ta nìyí?" Nọ́ọ̀sì ló bèèrè.

"Habeebullah. Kòkúmọ́. Ọmọ ilé yìí ni. Kò tíì gba abẹ́rẹ́ kankan rí."

Nọ́ọ̀sì sọ kúlà kalẹ̀. Ó wo ọmọ náà, ó wo ìyá àgbà. "Ẹ mọ̀ pé owó náà á dúró. Ó máa ṣe díẹ̀ kó tó lè gba gbogbo èyí tó yẹ kó ti gbà."

"Kó dúró. Owó tó bá dúró á tún rìn lọ́jọ́ kan."

Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ní, "Bísímílà." Ó wá wo ilẹ̀kùn.

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, gún un. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, bá mi nu ìlà yẹn kúrò. Má kọ iye wọn síbẹ̀. Orúkọ wọn ni kó o kọ."