Funfun Ni Mo Rí

"Ṣí i, kí gbogbo wa jọ rí i," ni ọ̀gá dókítà wí. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ sí apá ibi tí Ìyá Wọ́ọ̀dù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, jókòó sí, ó sì nawọ́ sí àga kan. "Dókítà Kọ̀ǹpútà, jókòó síbí. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n lò jù."

Ọkùnrin tó pè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe dókítà rárá. Àwọn nọ́ọ̀sì ló fi orúkọ yẹn dá a lápàárá nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn náà, nítorí bí kọ̀ǹpútà kan bá ti kọṣẹ́, wọn a ní kó wá fún un lábẹ́rẹ́. Mọ́kànlá ni gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ geere. Lọ́jọ́ mìíràn, orúkọ yẹn máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́rú yìí, ó ń gún un lára.

Ó ṣí fáìlì tíṣà-fẹ̀yìntì kan, obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Lókè fáìlì náà gan-an, ìlà pupa gbòòrò kan nà láti ọ̀tún dé òsì. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni pé ara obìnrin náà kọ pẹnisílìn.

"Ìyá Wọ́ọ̀dù, pupa rèé." Ọ̀gá dókítà sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kò tilẹ̀ bínú, ìyẹn ló sì mú ọ̀rọ̀ náà burú sí i. "Báwo lẹ ṣe wá gún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìn?"

Ìyá Wọ́ọ̀dù sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ọ rí pé ó ṣi oògùn fún aláìsàn.

"Funfun ni mo rí," ó ní. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò purọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, funfun ni."

"Ta ló wá kùn ún ní pupa?"

Ìyá Wọ́ọ̀dù yíjú sí ọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. "Ọmọ mi, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ǹjẹ́ nǹkan yìí lè funfun, kó tún wá pọ́n?"

Ibi tó yẹ kí òtítọ́ ti jáde nìyẹn. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkùnrin náà rí sọ ni, "Kò... kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, mà."

"Ó dáa," ni ọ̀gá dókítà wí. "A ó tún jọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀! Ẹ gbọ́ ìdáhùn tí géńdé ọkùnrin fún ìyá tó pè é lọ́mọ. Gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ ló mọ̀, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó.

Aṣàwákiri ni wọ́n fi ń ṣí fáìlì àwọn aláìsàn, ìyẹn fèrèsé tí gbogbo ènìyàn fi ń wo ìkànnì lórí kọ̀ǹpútà. Ìlà pupa yẹn kì í ṣe ara fáìlì. Àfikún kékeré kan tí wọ́n so mọ́ aṣàwákiri ló ń fà á. Yóò yẹ fáìlì wò, bó bá ti rí oògùn tí ara aláìsàn kọ̀, yóò fa pupa sókè. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣáájú Dókítà Kọ̀ǹpútà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, òun sì ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Odidi ọdún mẹ́jọ ni àfikún ọ̀hún fi ṣiṣẹ́ láìyẹ̀, débi pé àwọn nọ́ọ̀sì kì í wo ìsàlẹ̀ fáìlì mọ́. Ìyá Wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé, "Bó bá pupa, ẹ dúró. Bó bá funfun, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, Dókítà Kọ̀ǹpútà fi ẹ̀dà tuntun aṣàwákiri sórí gbogbo kọ̀ǹpútà náà. Kò ṣàìrí ìkìlọ̀. Ẹ̀rọ sọ fún un pé àfikún kan wà tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, pé kò ní bá ẹ̀dà tuntun ṣiṣẹ́, ṣé kí òun máa bá a lọ? Ìgbà mọ́kànlá ló bi í. Ìgbà mọ́kànlá náà ló tẹ bẹ́ẹ̀ ni, kò kà á, nítorí bọ́ọ̀lù fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù o! Kì í kúkú ṣe pé ọmọ ń ṣàìsàn nílé.

Lópin ọ̀sẹ̀, kò sí aláìsàn kankan tí ara rẹ̀ kọ oògùn, kò sẹ́ni tó fura. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé tíṣà wọlé, ibà ti mú un débi pé kò lè dáhùn ìbéèrè. Ìyá Wọ́ọ̀dù ṣí fáìlì, ó rí i pé ó funfun, ó bá iṣẹ́ lọ. Kò pẹ́ tí ọ̀fun obìnrin náà fi wú, tí èémí sì ń há a láyà. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ọ̀gá dókítà ò jìnnà.

Dókítà Kọ̀ǹpútà wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù nígbà tó gbọ́ tí Ìyá Wọ́ọ̀dù ń ké pé, "Funfun ni! Funfun ni mo rí!" Ó sá wọ yàrá rẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó ṣí fáìlì. Lóòótọ́, ó funfun báláú. Ó tú àfikún àtijọ́ náà wò. Ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ló sọ ẹ̀dà aṣàwákiri tó lè bá ṣiṣẹ́ mọ. Ó yí nọ́ńbà ibẹ̀ padà, ó tún un so, pupa sì dé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré! Ohun tí ìbá ti ṣe lọ́jọ́ Ẹtì rèé, kó sì tún bá bọ́ọ̀lù.

Kó tó di ọ̀sán, ó ti ṣe é yí ká gbogbo kọ̀ǹpútà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí àwọn aláìsàn yòókù lòun ṣe ń sáré. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Nígbà tí ọ̀gá dókítà wá yẹ fáìlì wò nírọ̀lẹ́, pupa ló bá níbẹ̀, àtúnṣe yẹn ló sì wá di ẹ̀rí tí wọ́n fi mú Ìyá Wọ́ọ̀dù.

Lẹ́yìn ìpàdé Ọjọ́rú, ó bá ìyá náà nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìyá náà dúró jìnnà díẹ̀ sí ògiri tí wọ́n lẹ ìwé ìdánwò ojú mọ́, ó fọwọ́ bo ojú kan, ó ń ka lẹ́tà sábẹ́ ẹnu.

"Ìlà kẹfà ni mo kà dé," ó ní. "Tẹ́lẹ̀, mo máa ń kà á tán ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Àgbà ti dé, Dókítà mi. Bó o bá bá mi níbi tí mo ti ń kí ògiri káàárọ̀, dákun, fà mí kúrò níbẹ̀."

Dókítà Kọ̀ǹpútà kò rí ẹ̀rín rín. Ó ní òun ń lọ wo ẹ̀rọ kan, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀rọ kankan tó bàjẹ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ nígbà tó rí i pé búrẹ́dì iwájú ọkọ òun ò dín. "Ta ló ṣẹ̀ ọ́?" ó bi í. Gbogbo rẹ̀ ló bá já sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, láti orí bọ́ọ̀lù dórí ògiri.

Ìyàwó rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Obìnrin tó gba abẹ́rẹ́ ò kú, àbí?"

"Kò kú."

"Ìyá yẹn náà ò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì."

"Ó ku ọdún méjì."

"Ṣé o rí i? Pa ẹnu rẹ mọ́. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ yìí, kò sì sẹ́ni tó bi ọ́. Ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀."

Ohun tí òun náà ti ń sọ fún ara rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé nìyẹn, kò fi ẹyọ kan yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ojú tì í gidigidi. Wọ́n kúkú bi í. Ìyá náà bi í lójú ọ̀gá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Wọ́ọ̀dù kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó mú ìwé kan tó fọwọ́ kọ lọ́wọ́.

"Dákun, bá mi tẹ̀ ẹ́, kó dà bí ìwé ọmọlúàbí. Ọwọ́ mi kì í yá lórí nǹkan yín yìí."

Ó gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ni. Ìyá náà kọ ọ́ pé ojú òun kò ríran bó ti yẹ mọ́, pé ẹ̀rù ń ba òun kí òun má lọ pa ọmọ ọlọ́mọ, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sílé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ dé "ojú mi", ìka rẹ̀ kọ̀, kò lọ mọ́.

"Ṣé ìkọ̀wé mi ò ṣeé kà ni?"

"Ó ṣeé kà, mà."

"Kí ló wá dé?"

"Ojú yín ò ṣe nǹkan kan." Kò lè wò ó lójú, kọ̀ǹpútà ló ń bá sọ̀rọ̀. "Funfun lẹ rí. Èmi ni mo pa pupa yẹn lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀rọ kìlọ̀ fún mi, mi ò kà á. Lọ́jọ́ Ajé, mo yára tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀."

Ìyá Wọ́ọ̀dù fa àga, ó jókòó.

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí nira ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"O wà níbẹ̀ lánàá," ni ìyá náà wí. "Mo pè ọ́ lọ́mọ mi, mo bi ọ́. O rí mi níwájú ògiri, tí mò ń ka A, B, D bí ọmọ jẹ́léósinmi. O dúró wò mí!"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ foríjì mí." Ó ti bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn wáyà.

"Dìde! Má kúnlẹ̀ fún mi." Ó nawọ́ sí àga. "Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi tí mi ò jẹ̀bi ńkọ́? Lálẹ́ àná, mo lọ kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì tíṣà, èmi àgbàlagbà, mo ní kó dárí ji ojú mi tó ti bàjẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú, àwa méjèèjì jọ sunkún. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Kí o tó lọ bá ọ̀gá, lọ gbé mi dìde níbẹ̀ ná."

Ìyá náà mú ìwé rẹ̀ lórí tábìlì, ó ká a sínú àpò aṣọ iṣẹ́. Kò sọ pé òun ti foríjì í, kò sì sọ pé òun ò ní foríjì í.

Dókítà Kọ̀ǹpútà gba inú ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù. Ó ń gbọ́ bàtà ìyá náà tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tíṣà ti jókòó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ọ̀fun rẹ̀ ti rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì há díẹ̀.

"Ṣé ẹ wá tún ẹ̀rọ ṣe ni?"

"Rárá, mà." Ó bojú wẹ̀yìn. Ìyá Wọ́ọ̀dù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera, ó ń wò ó. Ó yíjú padà sí obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì. "Ìyá tó wá kúnlẹ̀ níbí lálẹ́ àná," ó ní, "kò ṣẹ̀ yín, mà. Èmi ni mo ṣẹ̀ yín."