Ìtọ̀ Pupa Ló Ń Gba Oògùn

"Búlúù!"

Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí, tó ń pín oògùn nílé ìwòsàn wa, gbé túùbù sókè bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ. Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé àpáta Ìdànrè gbà á, ó jù ú sí Aládé, Aládé sì dá a padà.

"Ìyá Mùíbàt, ẹ fojú ara yín rí i. Mo se ìtọ̀ yín pọ̀ mọ́ omi búlúù, búlúù náà ló ṣì wà. Kò sí ṣúgà níbẹ̀. Ara yín ti yá. Ẹlòmíràn!"

"Oògùn yín náà ló jẹ́ kó yá, ọ̀gá," ni Àìníà, opó ẹ̀gbọ́n mi, fèsì. "Dókítà tó wá láti Àkúrẹ́ ní àtọ̀gbẹ kì í lọ. Ó ní n kò gbọdọ̀ fi hóró oògùn yẹn sílẹ̀ títí ayé."

"Dókítà ọ̀hún dà? Oògùn ọ̀fẹ́ ìjọba, ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá pupa la ń fún. Bó bá wù yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi ní Aládé."

Òǹtẹ̀ ìjọba ṣì wà lára ìgò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Gbogbo àwa tá a wà lórí bẹ́ńṣì la mọ̀. Ẹnu wa wúwo ju ọgọ́rùn-ún àpò kòkó lọ.

Ẹ tún wá gbọ́: ṣúgà onígun ni Àìníà ń tà. Láti ìgbà tí dókítà ti kìlọ̀ fún un, bó bá tú páálí tán, yóò bomi ṣanwọ́, kó má baà ṣèèṣì lá ìka.

Lójú ọ̀nà ilé, èmi Múdàṣírù, tí ìwé lé jáde ní pírámárì kẹrin, gbé ọgbọ́n mi dé.

"Ìyàwó wa, pupa ló ń fẹ́, àbí? Fún un ní pupa. Jẹ ṣúgà."

"Ẹ ò ní pa mí, ọkọ mi kékeré!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú.

Àmọ́ ó jẹ ẹ́. Lóṣù kejì, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo. Olúsọjí lanu, ó ka oògùn fún un. Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ yẹn, ewé kòkó ló ń gbọ̀n dànù títí dé Ofosu. Mo ròyìn ọgbọ́n mi káàkiri ìlú.

Báyìí ló di àṣà. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ku ọ̀sẹ̀ kan, Àìníà á pa oògùn tì, á máa jẹ ọjà ara rẹ̀, torí ẹ̀rù búlúù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Mo ní yóò fa gbogbo odò Ìdànrè gbẹ, ẹja yóò máa rìn lójú títì. Ó rẹ́rìn-ín. Egbò kan yọ sí i lẹ́sẹ̀, kò jiná.

Lóṣù karùn-ún, Olúsọjí rìnrìn àjò. Wọ́n ní ká padà wá lọ́la. Lọ́la, wọ́n ní ọ̀túnla. Àìníà kò dáwọ́ ṣúgà dúró, oògùn ilé sì ti tán. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀yìn mi ló gùn dé ibẹ̀. Kò wúwo rárá. Ahọ́n rẹ̀ gbẹ bí èèpo igi, kò sì dá mi mọ̀ mọ́. Mùíbàt ọmọ rẹ̀ ló gbé ìgò ìtọ̀.

"Pupa fòò!" ni Olúsọjí, tó ti àjò dé, wí. "Ìyá Mùíbàt, ẹ yege."

Ó ka oògùn sínú bébà. Ọwọ́ Àìníà kò ṣí láti gbà á.

"Múdàṣírù, bá mi di àtàǹpàkò rẹ̀ mú. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ka pé òun ti gbà á."

Èmi ni mo dì í mú. Ó fi yíǹkì kùn ún, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Mùíbàt bu omi sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Omi náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu ṣàn jáde.

Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, ó ti kú. Olúsọjí na ọwọ́, ó mú bébà oògùn náà kúrò lórí bẹ́ńṣì.

"Òkú kì í lo oògùn," ló wí, ó fi í sápò.

Nílé, àwọn obìnrin wẹ̀ ẹ́ tán, Mùíbàt jáde wá bá mi.

"Bàbá kékeré, kí ni wọ́n fi kun ọwọ́ màámi? Kò fẹ́ kúrò."

Wọ́n fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Títí tí wọ́n fi wé aṣọ funfun mọ́ ọn, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì búlúù.