Ìwé Ìyá Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Ẹ̀gbọ́n Bàbá

Ẹ gbà mí o, ojú ò ti àwọn kan rárá! Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọbìnrin kan ló gbé ìwé kan láti inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù tí ọmọbìnrin náà ti ń tún ìwé gbígbó dì, pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń já. Àwọn tí wọ́n jọ ń kó ìwé ìtàn àròsọ olókìkí jọ ń bọ̀ ní Sátidé wá wo àwọn àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tí òǹkọ̀wé fọwọ́ sí, èyí sì ni ọ̀gá gbogbo wọn.

"Níbo lẹ ti rí i, Bàbá?"

"Òǹkọ̀wé fúnra ẹ̀ ló fún mi."

Irọ́ gbuu! Ìyá ọmọbìnrin yìí ló fi táípù tẹ ìwé náà látòkèdélẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ òǹkọ̀wé ọ̀hún. Òun ni wọ́n fún ní ẹ̀dà tó kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lójú ewé àkọ́kọ́. Bàbá yìí ló yá a, tó ní ó ti sọnù. Ogún ọdún rèé, Ìyá ṣì ń béèrè rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ pa ewé àkọ́kọ́. Ó nípọn jù. Bàbá ti lẹ pépà bo ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, ó ku ìbuwọ́lùwé nìkan nísàlẹ̀. Ọmọbìnrin náà ò jẹ́ kó mọ̀, ẹ̀rín ló rín sí i.

Nígbà tí Bàbá lọ tán, ó fi ooru omi gbígbóná rọ gọ́ọ̀mù náà, ó sì ṣí pépà náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó wá tún ẹ̀yìn ìwé náà ṣe dáadáa, torí ìwé ò ṣẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí Bàbá padà wá gbà á, ọmọbìnrin náà kìlọ̀ fún un: "Ẹ má ṣí i o. Gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò ní gbẹ títí di Sátidé."

Kò sí akówèéjọ tí kì í bẹ̀rù irú ọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá ò ṣí i.

Ní Sátidé, ọmọbìnrin náà fa ìyá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, lọ́wọ́ wọ pálọ̀ Bàbá. Àgbà nínú àwọn àlejò ló ṣí ìwé náà, ó sì kà á sókè:

"Fún obìnrin tó tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí, tó tún àṣìṣe mi ṣe."

Àgbà náà gbójú sókè.

"Ta lobìnrin yìí?"

"Èmi ni," Ìyá dáhùn.

Òógùn bo Bàbá. "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nílé."

"Ilé náà la wà yìí."

Bàbá yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ìwọ lo ṣe mí báyìí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ó sì dùn mọ́ mi dé eegun." Ó kọjú sí àgbà náà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un kà fún Ìyá mi. Bàbá á dúró gbọ́ ọ."