Ẹgbẹ̀rún Ọjọ́ Lára Ògiri

Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti kúrò ní Ìlọrin ni ẹsẹ̀ Hàlímàt kò ti dúró sójú kan. Ó ń gbọ̀n ọ́n nílẹ̀ ọkọ̀ bíi ti ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, dẹ́rẹ́bà sì ń wò ó ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Kí wọ́n tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo, ó ti yẹ fóònù rẹ̀ wò nígbà mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó pè é. Àìpè yẹn gan-an ló ń kó ọkàn rẹ̀ sókè, nítorí Ìdrís, igbákejì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kì í lo wákàtí kan láìpè é láti béèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀.

Àwọn àlejò wà lẹ́yìn ọkọ̀. Linh ni orúkọ obìnrin náà. Ẹnjinníà àgbà ni ní ilé iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Vietnam, àwọn tó ń ṣe ohun èlò sólà. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga, aṣojú wọn ní Èkó, ló jókòó tì í. Ilé iṣẹ́ náà fẹ́ kó owó wá sí Nàìjíríà, kí wọ́n kọ́ ilé ńlá kan níbi tí igba ènìyàn yóò ti máa to kọntírólà, ìyẹn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń ṣọ́ iná tó ń ti ojú sólà bọ̀ kó má baà ba bátìrì jẹ́. Ìlú mẹ́ta ni wọ́n ń wò, Ọ̀fà, ìlú Hàlímàt, sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn méjì yòókù tóbi ju Ọ̀fà lọ fíìfíì, wọ́n ní ilẹ̀ ọ̀fẹ́, wọ́n ní títì ọlọ́dà dé ẹnu géètì. Ohun tí Ọ̀fà ní ni ògiri kan.

Ọ̀rọ̀ ògiri náà rèé. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Hàlímàt gbọ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè kò gbà pé kọntírólà tí ọwọ́ ará ibí tò lè fara da oòrùn àti eruku wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ó mú ogún nínú èyí tí òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́kànlá tò, ó kàn wọ́n mọ́ ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ní gbangba, ó sì fa iná sí wọn. Òjò pa wọ́n, oòrùn sá wọn, eruku ọyẹ́ bò wọ́n títí wọ́n fi pọ́n bí ilẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ojú gíláàsì kékeré kan tó ń ka iye ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ láìsinmi. Hàlímàt sì ṣe é débi pé bí iná bá já lára rẹ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré, òǹkà yóò padà sí òdo, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ṣe màgòmágó.

Láàárọ̀ àná, kó tó lọ pàdé àwọn àlejò ní pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin, gbogbo ogún ló ka ẹgbẹ̀rún ọjọ́ àti mọ́kànlá. Ilé iṣẹ́ náà ti kọ̀wé sí i pé fọ́tò kò tó, àkọsílẹ̀ inú ìwé kò tó, ojú ara àwọn ni àwọn fẹ́ fi rí ẹgbẹ̀rún. Bí wọ́n bá rí i, Ọ̀fà ni ilé ńlá yẹn yóò wà, àwọn ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá yẹn kò sì ní kó ẹrù lọ sí Èkó bí àwọn tó ṣíwájú wọn ti ṣe. Bí wọn kò bá rí i, ó tán.

Ẹnì kan ló ku kí ẹ mọ̀. Alhaji Abdulganiyu ni ẹ̀gbọ́n bàbá Hàlímàt, òun ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, òun ló sì ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù wà nínú àgbàlá rẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlemọ̀nà, kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni rí ìdọ̀tí lára kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Bí ewé kan bá já bọ́ sí àgbàlá rẹ̀, ewé náà yóò jẹ́jọ́. Kí Hàlímàt tó jáde lánàá, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Alhaji, àlejò wa máa dé lọ́la. Ògiri ẹ̀yìn yẹn gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ wá." Alhaji ṣàdúrà fún un, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yẹ kí Hàlímàt fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dojú kọ Alhaji pé kó má fọwọ́ kan ògiri ilé tó kọ́? Ìdrís ló sọ ọ́ fún, ó sì rò pé ó ti tó.

Nígbà tí wọ́n dé Ìjàgbó, ara Hàlímàt kò gbà á mọ́. Ó pe Ìdrís.

"Ṣé kò sí wàhálà?"

"Ẹ máa bọ̀, Àǹtí," ni Ìdrís wí. "Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Hàlímàt pa fóònù náà. Ohùn yẹn kì í ṣe ohùn ẹni tí nǹkan ń lọ déédéé fún, ṣùgbọ́n àlejò wà lẹ́yìn, kò lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín sí Linh, ó ní ó ku díẹ̀.

Kánópì ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló rí àga tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, ó rí Alhaja Ràfátù, ìyàwó Alhaji, tó gbé kúlà sóbò sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá tò bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ gbàdúrà òwúrọ̀, gbogbo wọn wọ jálàbíà tó mọ́ tónítóní. Kò sí ẹni tó mú irinṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n ti fọ ilẹ̀ rẹ̀ títí ó fi ń dán.

Alhaji fúnra rẹ̀ bọ́ síwájú nínú agbádá funfun, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó kí Linh káàbọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́, ó kí i títí ó fi kí àwọn òbí rẹ̀ ní Vietnam. Linh tẹrí ba, ó sì béèrè bóyá ọjọ́ ìsinmi ni. Alhaji ní rárá o, nítorí tirẹ̀ ni àwọn ṣe dá iṣẹ́ dúró. Ní tiwa, àlejò kì í dé kí onílé máa jó irin. Linh wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun yóò fẹ́ rí ògiri náà.

"Ìyẹn gan-an," ni Alhaji wí, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. Òun ló ṣíwájú wọn.

Ògiri náà funfun. Ọ̀dà tuntun ni wọ́n fi kùn ún láti òkè délẹ̀, òórùn rẹ̀ ṣì ń yọ. Kò sí ìṣó kankan lára rẹ̀. Lórí ẹní kan nílẹ̀, nínú oòrùn, ogún kọntírólà tò sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n sá. Wọ́n ń kọ mànà. Gbogbo ojú gíláàsì wọn ṣófo.

"Hàlímàt, eruku ọdún mẹ́ta!" ni Alhaji fi Yorùbá sọ fún un, bí ẹni tó ń fún un ní ẹ̀bùn. "Ìwọ náà, báwo lo ṣe fẹ́ fi irú ẹ̀ han àlejò? Alhaja ló fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n má sọ fún ẹ, kó o kàn wá bá a bẹ́ẹ̀."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Hàlímàt wo Ìdrís, Ìdrís wolẹ̀: òun náà kò lè dojú kọ Alhaji. Ẹsẹ̀ Hàlímàt tí kò ti sinmi láti Ìlọrin dúró sójú kan. Ìbínú gbé e débi pé ó fẹ́ fa kánópì yẹn ya. Ó fẹ́ bi bàbá arúgbó yìí bóyá ó mọ iye òru tí òun kò fi sùn nítorí kí iná má baà já. Lẹ́yìn náà ló rí ẹ̀rín tó ṣì wà lójú Alhaji, ẹ̀rín ẹni tó rò pé òun ṣe gudugudu méje, àánú rẹ̀ sì ṣe é, ìbínú náà kò sì lọ.

Linh bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹní. Ó béèrè, láìgbójú sókè, ẹni tó yọ wọ́n kúrò.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Hàlímàt ní, "Èmi ni. Mo ní kí wọ́n fọ̀ wọ́n nítorí yín."

Linh gbójú sókè wò ó. Kò bínú, ì bá sàn kó bínú. Ojú tí ẹnjinníà máa ń fi wo ẹ̀rọ tó ti jó ló fi wò ó: ẹni tó ṣọ́ nǹkan fún ẹgbẹ̀rún ọjọ́, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ já iná rẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Ó ní kí wọ́n fa iná sí wọn. Ìdrís sáré fà á. Mẹ́tàdínlógún jí, mẹ́ta kò jí. Àwọn tó jí ka òdo. Linh kọ nǹkan sínú ìwé kékeré rẹ̀, ó pa á dé, ó dúpẹ́ fún sóbò tí kò mu, ó sì kọrí sí ọ̀nà ọkọ̀.

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Alhaji. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́ irọ́ tí Hàlímàt pa, kò sì mọ ìdí tó fi pa á.

"Ìdrís," ló wí, "kí ni òdo yẹn?"

Ìdrís sọ fún un. Kò fi ọ̀kan pa mọ́: ìlú mẹ́ta, igba ènìyàn, ẹgbẹ̀rún ọjọ́, ohun tí iná jíjá ń ṣe sí òǹkà. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń lágùn. Alhaji gbọ́ ọ tán. Ó wo ògiri funfun rẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀gbẹ́ agbádá rẹ̀ sọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára lọ síbi ọkọ̀, òun tí kì í yára lọ sí ibì kankan.

Dẹ́rẹ́bà ti ṣíná ọkọ̀. Alhaji kan fèrèsé. Ó ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí, orí rẹ̀ tó funfun sì hàn sí gbogbo ènìyàn.

Ó ní òun ni. Ó ní ọmọ náà kò sí nílé, kò mọ̀ sí i, ọ̀wọ̀ òun ló jẹ́ kó purọ́. Ó ní àìmọ̀ ni, kí wọ́n má fi ẹ̀ṣẹ̀ òun jẹ ọmọ òun níyà. Hàlímàt dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti ọjọ́ tó ti mọ bàbá yìí, kò gbọ́ ọ rí kó sọ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọba, pé òun ló jẹ̀bi.

Linh sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹrí ba fún Alhaji, ó bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì gba ọwọ́ Hàlímàt mú. Ohun tó sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni Olúgbénga tún fi Yorùbá là yé wọn, nítorí ó rí i pé Hàlímàt kò gbọ́ mọ́.

"Ẹnjinníà, ẹ má bínú," ni Olúgbénga wí. "Wọ́n ní àwọn ti wá gbà yín gbọ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀ báyìí pé ẹ mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni ìgbìmọ̀ máa jókòó, ohun tójú bá rí ni wọ́n máa béèrè, òdo ni ojú wa sì rí. Ọ̀kan nínú ìlú méjì yẹn ló máa jẹ́."

Ọkọ̀ lọ. Eruku tó dá sílẹ̀ bà sórí aṣọ funfun tó wà lórí àwọn àga. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wo Hàlímàt, kò sì mọ ojú tí òun yóò fi wò wọ́n. Nígbà tó yá ni ẹkún já jáde, ó sunkún níwájú gbogbo wọn, kò sì fi ara pa mọ́.

Alhaji kò ní kó dákẹ́. Ó dúró tì í, fìlà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọdún mélòó ni ẹgbẹ̀rún ọjọ́?" ló béèrè níkẹyìn.

"Ó dín díẹ̀ ní mẹ́ta, Alhaji."

"Mo máa pé ọgọ́rin ọdún ní Ràmádáánì tó ń bọ̀." Ó wo ògiri náà. "Bí wọ́n bá tún ka ẹgbẹ̀rún, ṣé mo máa bá a?"

Gbogbo wa la mọ èsì tí ọmọ máa ń fún bàbá rẹ̀ lórí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó wà lẹ́nu Hàlímàt. Ṣùgbọ́n ó ti torí rẹ̀ pa irọ́ kan lónìí, kò lè pa èkejì. Inú ṣì ń bí i sí bàbá yìí, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀, ó lọ gbé àkàbà, ó gbé e ti ògiri, ó mú kọntírólà kan lórí ẹní, ó kó ìṣó sẹ́nu.

"Ẹ bá mi di àkàbà mú, Alhaji."

Alhaji fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Àyà rẹ̀ kan ògiri. Ọ̀dà tútù lẹ̀ mọ́ agbádá rẹ̀ láti èjìká dé ìbàdí, kò sì wo ibẹ̀.