Ta Ló Júwe Ilé Adájọ́?

"Ta ló júwe ilé mi fún wọn?"

Adájọ́ ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wolẹ̀. Ọlọ́pàá tí wọ́n pè wá ń fi bírò họ irùngbọ̀n. Àbúrò Adájọ́, tí gbogbo ayé ń pè ní Apàlọ́ nítorí kò sí àdììtú tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yún láti tú, ti tẹ̀ síwájú, ó ń wo ilẹ̀ káàkiri.

Àga kan ló wà níwájú wọn. Àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà ni, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti gbé e lọ síwájú fèrèsé yàrá àwọn ọmọ, ó kọjú rẹ̀ sí gíláàsì. Lára ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà: A TI MỌ ILÉ Ẹ O.

"Wọ́n jókòó síbí," ni Adájọ́ wí. Obìnrin tó ń rán ọ̀daràn lẹ́wọ̀n láìṣẹ́jú, kò lè fọwọ́ kan àga náà. "Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo àwọn ọmọ mi lójú oorun."

Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè, ó wo Apàlọ́. "Àna mi, àgbà ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Nínú gbogbo ìlú yìí, iṣẹ́ ta ni láti fi àdírẹ́sì àwọn adájọ́ pamọ́?"

Iṣẹ́ Apàlọ́ ni. Nígbà tí òfin tuntun jáde pé kí ilé àwọn adájọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu má ṣe hàn nínú ìwé ìjọba mọ́, òun ni ọ́fíìsì ètò ilé yàn sídìí rẹ̀. Ó sì ṣe é délẹ̀délẹ̀. Ó yọ wọ́n nínú kọ̀ǹpútà, ó yọ wọ́n nínú ìwé owó orí, ó yọ wọ́n lára àwòrán ìlú tó wà lára ògiri. Kódà ó rán akunlé ọ́fíìsì jáde láti kun nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà wọn pa. Wọ́n yìn ín títí, orí rẹ̀ wú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mo gbọ́." Adájọ́ kò wò ó lójú. "À ń kó kúrò níbí lónìí. Ṣùgbọ́n bí a ò bá mọ ibi tó ti jò, ibikíbi tá a bá kó lọ, wọ́n á bá wa níbẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí a ò rí i, màá dá ẹjọ́ àwọn jàǹdùkú tí mò ń gbọ́ ní kóòtù padà. Iṣẹ́ ò tó ọmọ."

Apàlọ́ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó di ọ́fíìsì. Ó tẹ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Kò sí. Ó lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí fáìlì gidi wà. Ó tì pa. Ọ̀gá àgbà wọn, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ló ń so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn.

"Mà, ṣé ẹlòmíràn ti mú kọ́kọ́rọ́ yìí rí?"

"Àfi tó bá gbé orí mi mọ́ ọn. Mò ń bá a wẹ̀, mò ń bá a sùn. Ọkọ mi gan-an ń jowú rẹ̀."

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ti Apàlọ́ ò jáde. Ó wọ yàrá kejì, ó yí ohùn padà, ó fi fóònù pe ọmọbìnrin tó ń dá aráàlú lóhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sílé Adájọ́."

"Ẹ gbé e lọ sí kóòtù. Kí ẹ sì rọra pariwo, Bọ̀ọ̀dá Apàlọ́, mò ń gbọ́ yín láti ẹnu ọ̀nà."

Gbogbo ibi ló dí. Ìyẹn gan-an ló wá ń dẹ́rù bà á. Agbè tó fọ́, èèyàn lè lẹ̀ ẹ́. Èyí tí kò fọ́ tó ń jò ńkọ́?

Lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é pé àwọn ti rí ilé mìíràn. Apàlọ́ ò fi falẹ̀ rárá. Ó rán akunlé lọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tó ń padà bọ̀ sílé Adájọ́ nírọ̀lẹ́, kò gba ọ̀nà ẹ̀yìn tó máa ń gbà. Ó ní kí òun rìn bí ẹni tí kò mọ ilé náà rí, tó kàn mọ àdúgbò tí ọkọ̀ Adájọ́ máa ń yà sí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí títì. Àwọn ilé ibẹ̀ jọra bí ọmọ ìyá: géètì kan náà, ògiri kan náà, nọ́ńbà dúdú lára òpó géètì. Kẹtàdínlógún. Kọkàndínlógún. Kọkànlélógún.

Ó dúró gbagidi.

Òpó tó kàn, ti ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, funfun báláú bí eyín ọmọdé. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ó wo òdìkejì títì. Òpó funfun mìíràn: ilé agbẹjọ́rò ìjọba. Ó wo ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Òmíràn: ilé ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n. Gbogbo ará àdúgbò ló ní nọ́ńbà. Àwọn tí òun ń fi pamọ́ nìkan ni kò ní, bí ẹni tó ri owó mọ́lẹ̀ tó wá gbé òkúta funfun lé e kó má baà gbàgbé ibẹ̀.

Ó sáré pe akunlé. Adájọ́ ti jáde sẹ́nu géètì pẹ̀lú àpò aṣọ àwọn ọmọ. Ó rí ojú àbúrò rẹ̀, ó rí ibi tó ń wò, òun náà sì yíjú sí òpó ilé rẹ̀. Àpò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ilé tuntun yẹn," ni Apàlọ́ sọ sínú fóònù. "Jọ̀ọ́, sọ fún mi pé o ò tíì débẹ̀."

"Háà, mo ti parí rẹ̀, ọ̀gá mi!" Inú akunlé ń dùn. "Ẹ wá fojú ara yín rí i. Ó ń dán bíi dígí. Ní gbogbo àdúgbò yẹn, kò sí ilé tó dà bí i."