Mo Jókòó fún Àwòrán Ánà

Ọmọ ọmọ mi, Hephzibah, ló ní kí n jókòó kí òun fi ọ̀dà ya àwòrán mi. Iṣẹ́ yunifásítì rẹ̀ ni, lẹ́bàá Decatur tó ń gbé. Ó ní àwọn ayàwòrán kan wà nílẹ̀ òyìnbó láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ń ya àwọn ènìyàn inú Bíbélì, òkùnkùn ni wọ́n fi ń bo gbogbo rẹ̀, wọn á wá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo bọ́ sójú ẹni tí Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ni màá jẹ́ Ánà, opó arúgbó tí kì í kúrò ní tẹ́ḿpìlì.

"Tẹ́ḿpìlì wo ló dúdú báyìí?" mo bi í. "Ṣé wọ́n mú iná wọn lọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mama, ẹ má move. Shadow yẹn ló máa jẹ́ kí light yẹn show."

Ọ̀sán Sátidé ni. Ó fa kọ́tìnì, ó gbé láǹpù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ọdún kẹta rèé tí mo ti wà nílé Oyèkànmí ọmọ mi ní Lawrenceville, ní Amẹ́ríkà níbí. Ọsibítù lòun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan bá ń wọlé, èkejì ń jáde. Ibi gbogbo ló jìnnà, mi ò sì mọ mọ́tò wà. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń kí mi. Ó ń dùn mí, mi ò ní bò ó.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí i tí ojú mi ń hàn nínú àwòrán náà, àyà mi já. Bó bá parí, kí ló tún máa gbé ọmọ yìí wá? Sátidé kejì, bó ṣe lọ mu omi, mo fi ẹsẹ̀ sún láǹpù díẹ̀. Òjìji kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, ó gun imú.

"Ah-ah! Shadow yẹn ti shift." Ó pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ́, ó tún un kùn. Sátidé kẹta àti ìkẹrin, mo tún sún un. Àgbàlagbà tó ń ṣe bí ọmọdé ni mí, ojú ò sì tì mí.

Sátidé karùn-ún, n ò rí i. Mo wé gèlè, mo jókòó títí dìrọ̀lẹ́ kí n tó pè é.

"Oh, Mama, sorry! Mo ti finish ẹ̀. Láǹpù yẹn ò kàn dúró sójú kan. Mo ya photo yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí mo ṣe ń wọlé, ẹ ò mọ̀. Òun ni mo lò."

Ọgbọ́n àgbọ́njù ni mo gbọ́n.

Lọ́sẹ̀ kejì, Oyèkànmí fi mọ́tò gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn àwọn àwòrán náà. Gbogbo rẹ̀ dúdú, àfi ọwọ́ mi kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kan, àti ojú mi kan tó tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà. Òyìnbó obìnrin kan béèrè lọ́wọ́ Hephzibah pé ta ni ìyá yìí ń retí.

"Jesus," ló dá a lóhùn.

Mo wo ojú náà. Bí mo ṣe máa ń wò lójoojúmọ́ láti àárọ̀ nìyẹn.

"Hephzibah," mo ní, "Jésù kọ́ ni mò ń retí lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àwòrán, ó wò mí. "Saturday yìí, mo ní shift níbi iṣẹ́, Mama," ló ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Èmi tí n kì í bẹ ọmọ tí mo bí, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Sunday ńkọ́?"